Iná ti dúró, kí ló dé tí ilẹ̀ ṣì ń mì?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Aṣọ ni mo ń tà ní Goma, ní Kóńgò, nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Nyiragongo tu iná lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 2021. Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wa. Ojú ọ̀run ṣàdédé pọ́n, a gbé àwọn ọmọ, a sáré wọ Rùwáńdà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní àpáta yíyọ́ náà ti dúró létí ìlú, la bá padà. Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ wá ń mì tọ̀sán tòru, ògiri ṣọ́ọ̀bù mi là. Ní ọjọ́ 27, ìjọba ní kí ọ̀pọ̀ àdúgbò kó jáde. Kí ló dé tí ilẹ̀ ò mì ṣáájú kí a lè mọ̀?

Akin_Abẹ́lẹ̀: Ẹ kú ewu, Mà. Iṣẹ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ni mo kọ́. Irú mímì àti ibi tó ti ń wá ni àwọn tó ń ṣọ́ òkè máa ń wò. Bí àpáta yíyọ́ bá ń fipá la ọ̀nà, àpáta líle á ṣẹ́, ẹ̀rọ á gbọ́ ọ bí igi gbígbẹ tó kán. Bí gáàsì tàbí àpáta yíyọ́ bá ń gba inú ihò kọjá, ìró rẹ̀ a máa rọ̀, a máa fà, bí ìkòkò tó ń hó. Irú ìró kejì yìí wà lára ohun tí wọ́n rí ní Pinatubo, ní Philippines, kí òkè náà tó bú ní 15 oṣù Kẹfà, 1991, wọ́n sì tètè kó èèyàn kúrò.

Ti Nyiragongo yàtọ̀. Láti 2002 ni iná ti ń hó lẹ́nu òkè yẹn, ọ̀nà ti ṣí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó máa ṣẹ́. Ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ rí ò pé wákàtí kan. Mímì tó tẹ̀ lé e, àpáta yíyọ́ ló ń wá ọ̀nà lọ sí gúúsù, lábẹ́ Goma, títí dé abẹ́ adágún Kivu. Bí ìmìtìtì ṣe ń ṣí kúrò níbì kan dé ibòmíràn ni wọ́n fi tọpa rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Lábẹ́ ilé wa!

Ará Limbe: Kivu gan-an ni ẹ̀rù, Mà. Gáàsì pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbí ní Kamẹrúùnù, gáàsì tó jáde nínú adágún Nyos lọ́dún 1986 pa nǹkan bí 1,700 èèyàn.

Akin_Abẹ́lẹ̀: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọpẹ́ ni pé àpáta yíyọ́ náà kò jáde sínú adágún, ó dúró sábẹ́ ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ìwé gbèsè mi ṣì wà. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá mì ni mo ń kọ àkókò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn oníbàárà. Ojú ìwé ọjọ́ 24 kún dẹ́nu. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ó ti di ìlà kan, ìlà méjì.

Akin_Abẹ́lẹ̀: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìwé yẹn sọnù. Ẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀.