Pípa rectifier láti òkèèrè, jíjí i padà, kíka kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀: ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ mú ìrírí wá

Láti Ṣàgámù:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rectifier (ẹ̀rọ tó ń sọ iná AC di DC) mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń pín ẹrù fóòtì 48 gbé nínú àpótí kan. Ẹni tó bá fẹ́ máa pa wọ́n láti òkèèrè, kó kọ́kọ́ wò ó: bí rílé ìdarí (swítìṣì kékeré tí iná ń yí) kò bá ní iná mọ́ lóru, ṣé rectifier á máa ṣiṣẹ́ lọ ni, àbí á kú? Ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ. Irú kan wà tó ń kú bí ẹsẹ̀ ìdarí méjèèjì bá kanra; orí NO lára rílé (èyí tó máa ń yà bí rílé kò bá ní iná) ni kí ẹ lò fún un. Èyí tó ń kú bí wọ́n bá yà, orí NC (èyí tó máa ń kanra bí rílé kò bá ní iná) ni tirẹ̀. Ìwé tó bá a wá ló máa sọ irú èyí tó jẹ́, ẹ má fojú dá a.

Ibi tí wáyà ti ń jóná jù nìyí. Pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Áńtẹ́nà àpótí olósíìmù tó ń gba àṣẹ kan òpó, òpó kan ilẹ̀, nẹ́gátíìfù àpótí náà sì kan ìdí áńtẹ́nà. Bí ẹ bá so nẹ́gátíìfù yẹn mọ́ nẹ́gátíìfù bátìrì, iná ti bíríìjì nìyẹn. Converter (ẹ̀rọ tó ń sọ fóòtì 48 di 12) tí ìwọlé àti ìjáde rẹ̀ kò kanra ni kí ẹ fi bọ́ ọ, kí iná rẹ̀ sì ti ìhà bátìrì wá. Bó bá jẹ́ rectifier tó ń pa náà ló ń bọ́ ọ, ta ni yóò jí i?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti jíjí kún un. Bí fóòtì bá ròkè jù, ọ̀pọ̀ rectifier máa ń ti ara wọn pa, wáyà ìdarí kì í sì í lè ṣí wọn. Àfi kí ẹ gé iná AC wọn. Contactor (rílé ńlá tó ń gé iná AC) kọ̀ọ̀kan fún rectifier kọ̀ọ̀kan ló dára. Ẹ gé e, ẹ fún kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú kan kó tú, kí ẹ tó dá iná padà. Ẹ máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìṣẹ́jú àáyá 10 wà láàárín wọn, torí kọ́rẹ́ǹtì tí wọ́n ń fà bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lè já breaker. Bó bá tún ti ara rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jáwọ́, kí ènìyàn lọ wò ó.

Láti Ìpẹru:
Kọ́rẹ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó jí ohunkóhun. Shunt (irin tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà kọjá, tí a fi ń wọn fóòtì kékeré orí rẹ̀) tó ń fún ni ní mílífóòtì 75 bí áńpíà 100 bá ń kọjá máa fún yín ní mílífóòtì 22.5 bí áńpíà 30 bá ń kọjá. Ẹ lọ́ wáyà rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, kí ẹ fi fíúsì kékeré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdí shunt gan-an. Bó bá jẹ́ sensọ̀ Hall (èyí tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ka kọ́rẹ́ǹtì), ẹ tún òdo rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹrù kò sí, torí ooru ọ̀sán máa ń sún un.

Bí ẹrù bá jẹ́ áńpíà 60, ogún-ogún ló yẹ kí rectifier mẹ́ta gbé. Bí ẹ bá rí 34, 15 àti 11, ẹ yẹ wáyà ìpín-ẹrù wò, lẹ́yìn náà fóòtì tí wọ́n ṣètò ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bátìrì náà ń mu kọ́rẹ́ǹtì tirẹ̀, nítorí náà ẹ ka ti bátìrì lọ́tọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ álààmù á máa ké lásán.

Rectifier tó ń sọ PMBus (èdè tí a fi ń bá ẹ̀rọ agbára sọ̀rọ̀ lórí wáyà): àṣẹ READ_IOUT, tó ń ka kọ́rẹ́ǹtì, ni 8C; STATUS_WORD, tó ń ka àmì àṣìṣe, ni 79; hex ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí. Ẹ ka 79 kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó rán 03, torí 03 ló ń nu àmì àṣìṣe kúrò.

Láti Ṣàgámù:
Ẹ má lo síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí òpó yẹn fúnra rẹ̀ ń gbé. Bí òpó bá kú, síìmù kú nìyẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ sì lè pẹ́ dé. Ẹ fi swítìṣì sí ẹnu àpótí tó ń gé àṣẹ òkèèrè kúrò, kí ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ yí i ná.