"Kò kàn án" kọ́, "kò tíì kàn án" ni

Okun o, ẹ̀yin ará. Àbúrò wa kan tó ń kọ́ni ní Kàbbà ń kọ ẹ̀kọ́ kan lédè wa nípa igi òrí àti igi irú. Ó ṣàlàyé òdòdó wọn dáadáa: ti òrí tó funfun, tí oyin ń ṣù bò, àti ti irú tó pupa, tó ń fì bíi bọ́ọ̀lù, tí àdán ń wá lá lóru. Ibi tó ti di àríyànjiyàn ni ipò wọn nínú Ìwé Pupa, àkọsílẹ̀ tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun abẹ̀mí, dá sílẹ̀ ní 1964 fún ohun abẹ̀mí tó lè parun. Vulnerable ni wọ́n pe igi òrí láti 1998, ìyẹn ni pé ó wà nínú àwọn tó lè parun. Least Concern ni igi irú, ìyẹn ipò àwọn tí ẹ̀rù ìparun wọn kéré jù. Àbúrò wa pe àkọ́kọ́ ní "aláìlágbára", ó pe èkejì ní "aláìkanni".

Aláìlágbára kẹ̀? Igi tí iná ìgbẹ́ ń jó lọ́dọọdún tó sì tún ń rúwé! Líle tó le yẹn gan-an ló ń pa á, torí èédú rẹ̀ dára. Ó lè tó ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ọ̀sán kan ni wọ́n sì fi ń gé e. Bàbá kan ní ká pè é ní "ó wà lẹ́nu ewu". Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn pa mọ́ fún Endangered, tó le jù ú lọ. "Ewu ti kàn án" ni tèmi.

"Aláìkanni" ló dùn mí jù. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ ní Ìsánlú á ní igi irú kò kan òun, á gbé àdá. Ìṣirò gbogbo ibi tí igi náà ń hù ni Least Concern yẹn, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Ùgáńdà, kì í ṣe ti oko wa ní Yàgbà, níbi tá a kì í ti í sábà gbìn ín, tá a kàn ń dá a sí nígbà tá a bá ń ṣán oko. Èdè wa sì ti ní ohun tá a nílò. "Kò bímọ" yàtọ̀ sí "kò tíì bímọ". Kò sí ìyá tó máa gbà kí o sọ ti àkọ́kọ́ nípa ọmọ rẹ̀. Nítorí náà: ewu ti kan igi òrí, ewu kò tíì kan igi irú.

Àbúrò, ka gbólóhùn méjèèjì yìí sétí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, kí o bi wọ́n pé èwo nínú igi méjèèjì la lè gé. Ohun tí wọ́n bá fọ̀ ni kó o bá wa kọ síbí.