Báwo ni ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ṣe di aṣáájú àwọn Mùsùlùmí Èkó?

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà lọ́jà Olúwo níbí, l'Épe. Àná ni ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 ń kàwé, ó ní Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP (Nigerian National Democratic Party) sílẹ̀, àti pé Mùsùlùmí pọ̀ gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Mùsùlùmí lèmi náà. Nígbà ìdìbò tó kọjá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi wá nípa olùdíje ni pé ṣé mọ́ṣáláṣí ló ń lọ àbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Pópó Ọba: Àbí Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ń sọ?

Tísà Àgbà: Rárá o. 1964 ni tAkíntọ́lá, orúkọ ni wọ́n yá lò. Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, 1923 ni wọ́n dá ti Macaulay sílẹ̀, lẹ́yìn tí òfin ìjọba tí Gómìnà Clifford gbé kalẹ̀ fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí Calabar gba ọ̀kan.

Ìyá Ẹlẹ́ja, omi àti ilẹ̀ ló kó wọn jọ. Kí ẹgbẹ́ yẹn tó dé ni ìjọba òyìnbó ti ní kí ará Èkó máa sanwó omi ẹ̀rọ. Owó omi yìí dá mọ́ṣáláṣí ńlá Èkó sí méjì! Àwọn ti Lémọ́mù fara mọ́ ìjọba, àwọn apá kejì, tí wọ́n ń pè ní Jámáà, kọ̀ jálẹ̀, àwọn Jámáà yìí náà ló wá tẹ̀lé Macaulay. Ẹ wá wo Henry Carr, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi Macaulay: ẹ̀yìn ìjọba ló wà, àwọn méjèèjì ò sì rẹ́. Mùsùlùmí wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ ńkọ́? Macaulay bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, dé Lọ́ńdọ́nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, wọ́n sì jàre ní 1921. Ẹni tó bá yín gba ilẹ̀ baba yín, ṣé ẹ óò bi í níbi tó ti ń gbàdúrà?

Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń béèrè ni pé kí Èkó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan, kí ọmọ ilẹ̀ rí iṣẹ́ ìjọba ṣe, kí òwò má sì ní ojúsàájú nínú. Ní 1923, 1928 àti 1933, àwọn ló kó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun kan ṣì ń dùn mí: ọkùnrin tó ń rí pọ́ùn 100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé wọn kò lẹ́nu nínú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo: Ẹ ṣé, Bàbá. Obìnrin ò wá sí níbẹ̀ rárá?

Tísà Àgbà: Wọn ò lè dìbò, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, kò kàwé, Mùsùlùmí ni, òun àti Macaulay sì jọ ṣe. Ọjà Eréko ló ti ń tajà. Ẹja ló ń tà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo: Ẹja! Mo ti pe ọmọ náà jáde. Ó ti kọ orúkọ ìyá yẹn sẹ́yìn ìwé rẹ̀.