Ibà ìrọ̀lẹ́ tí ò lọ lórí làkúrègbé, ta ló ń ṣe irú ẹ̀?

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di ọdún méjì tí wọ́n ti ní rheumatoid arthritis ló ń ṣe mí, èyí tí àwọn ọmọ ogun inú ara fúnra wọn ń bá oríkèé jà, kì í ṣe làkúrègbé àgbà. Ìka mi á le gbagidi láàárọ̀, ó máa ń tó wákàtí kan kí n tó lè di aṣọ àdìrẹ, ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ibà yìí ló sú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ara mi á gbóná wọ́ọ́wọ́ọ́, 37.6, 37.8, àárẹ̀ á sì mú mi bí ẹni tó rù omi láti Láfẹ́nwá dé Kútọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lo oògùn ibà, kẹ́mísì kàn ń kó o fún mi ni, wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ìyá ọkọ mi ti gbé àgbo kaná, ọkọ ní ọ̀lẹ ni mí. Methotrexate, oògùn tó ń dẹwọ́ ìjà àwọn ọmọ ogun inú ara yẹn, ni mo ń lo, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Màmá Ìbejì:
Ọ̀lẹ kẹ̀! Àǹtí, mo lè sùn wákàtí 9 kí n jí kó tún rẹ̀ mí. Tí àìsàn yìí bá ru, òun fúnra ẹ̀ máa ń mú ara gbóná díẹ̀. Tèmi, ẹ̀jẹ̀ mi ló tún lọ sílẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ orí ni. Aṣọ tí mo ń fọ̀ lọ́jọ́ kan mo ti pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Ará láàbù:
Ẹ má mu àgbo yẹn jàre, methotrexate ti ń fún ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Ó tún máa ń jẹ́ kí ara má lè bá kòkòrò jà dáadáa, torí náà tó bá ti kan 38, tàbí èémí ò já gaara, tàbí ìtọ̀ ń ta yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù, kí wọ́n wo màláríà, FBC (iye ẹ̀jẹ̀ lóríṣiríṣi), CRP (èyí tó ń fi hàn bóyá ara ń wú tàbí ń jà nínú), ẹ̀dọ̀, kí wọ́n wo ikọ́ ẹ̀gbẹ náà. Ẹ sì sọ fún kẹ́mísì pé methotrexate lẹ ń lo o, Septrin (oògùn apakòkòrò) àti Fansidar (oògùn màláríà) ò bá a rẹ́ rárá, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Yéè, Septrin wà nínú ohun tí wọ́n kó fún mi lẹ́ẹ̀kejì o! Mi ò tíì já a, Ọlọ́run ló yọ mí. Mo dé láti ọsibítù, kò sí màláríà, PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, jẹ́ 27, ó lọ sílẹ̀, CRP ga, wọ́n ní kí n padà wá gba èsì àwòrán àyà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi ìwé náà han ọkọ mi, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ òun ló fọ abọ́ lálẹ́ àná. Àgbo yẹn, ìyá ọkọ mi ti ń mu ún fúnra wọn.