Oyún inú túùbù: ṣé oyún ṣíṣẹ́ ni àbí ìtọ́jú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìṣègùn àti òfin, ibo ni ẹ̀tọ́ ìyá àti ẹ̀tọ́ ọlẹ̀ ti ń forí gbárí jù? Ẹ má wàásù o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Oyún inú túùbù. Túùbù, ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà dé ilé ọmọ, kì í fẹ̀ bí ilé ọmọ. Tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ya sínú ikùn, ìyá lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Tí kò bá tíì bẹ́, wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ methotrexate, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín mọ́. Wọ́n á yẹ hCG, èròjà tí oyún ń mú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wò lọ́jọ́ kẹrin àti ìkeje. Ó lè kọ́kọ́ gòkè, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí kò bá fi ìdá 15 nínú 100 wálẹ̀ láti ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, ó di abẹ́rẹ́ míì tàbí iṣẹ́ abẹ.

Àlàó: Ṣé wọn ò lè gbé e lọ sínú ilé ọmọ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Rárá. Kò sí dókítà tó lè ṣe é.

Adéọlá: Àwọn onímọ̀ ìwà Kátólíìkì kan ní kí wọ́n gé túùbù kúrò, torí túùbù tó bàjẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú, ikú ọlẹ̀ kàn tẹ̀ lé e ni. Wọ́n ní ọlẹ̀ gan-an ni methotrexate dojú kọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kí obìnrin pàdánù túùbù kan kí ọkàn ẹlòmíì lè balẹ̀? Ọlẹ̀ ò yè nínú méjèèjì!

Àkànbí: Hàà.

Lọ́yà Kékeré: Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra. Ìlànà yẹn kan náà, pé ohun tí èèyàn ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ohun tó kàn tẹ̀ lé e, ni wọ́n fi ń dá oògùn ìrora tó lè gé ẹ̀mí aláìsàn kúrú láre. Ohun tí mo rọ̀ mọ́ ni ti Judith Jarvis Thomson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1971: ká tiẹ̀ gbà pé ènìyàn ni ọlẹ̀, ẹ̀tọ́ láti wà láàyè kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti lo ara ẹlòmíì.

Adéọlá: Àpẹẹrẹ tó fi ṣe é ńkọ́? Ẹni tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n so kíndìnrín rẹ̀ mọ́ olórin kan tí àìsàn kíndìnrín fẹ́ pa, fún oṣù 9. Ìyẹn bá ẹni tí wọ́n fipá bá lò mu. Ẹni tó fẹ́nu ara rẹ̀ gbà ńkọ́?

Lọ́yà Kékeré: Gbígbà láti sùn pẹ̀lú ọkùnrin kì í ṣe gbígbà láti lóyún.

Àlàó: Ẹ sọ ìyẹn fún bàbá tí wọ́n ní kó máa gbọ́ bùkátà ọmọ 😂

Lọ́yà Kékeré: Owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ bàbá, wọn ò gba ara rẹ̀. Òfin wo ló fipá gba ẹ̀jẹ̀ bàbá fún ọmọ tó ń kú lọ?

Ìyá Ìbejì: Dókítà tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò gbà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kó tètè sọ, kó sì júwe ẹni tó máa ṣe é.

Adéọlá: Ṣé kì í ṣe pé ó ti lọ́wọ́ sí i náà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Wọ́n lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò ní lè ṣe é, kó sọ kí wọ́n tó fún un ní iṣẹ́ òru.