Àbọ̀ lórí ẹ̀rù tí kò jẹ́ kí n sùn
Ẹ̀yin ará, mo padà wá jábọ̀. Mo béèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nígbà tí ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ màmá mi kò jẹ́ kí n sùn. Nínú ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi, ti 2 Kíróníkà 20 nínú Bíbélì ló ṣiṣẹ́ jù: Jèhóṣáfátì ọba Júdà fi akọrin ṣáájú ọmọ ogun kí ìṣẹ́gun tó dé. Mo ń kọrin ìyìn láago méjì òru, Ọlọ́run, ọba tí ogun kan ò borí rí, ni mò ń pè, títí oorun fi gbé mi lọ. Àwẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó rẹ̀ mí jù. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, màmá ti ń jẹun. Ó ku ẹsẹ̀ wọn tí kò tíì gbé wọn dáadáa. Ẹ ṣé gan-an.