Amúwàràdí àbí amúwàràdì? Lórí ìtọ́sọ́nà wàrà ṣíṣe nílé

Akọ̀wé Àkọtọ́ kọ̀wé:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka ìtọ́sọ́nà tí Oníwàrà Ilé kọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣe wàrà àti ṣíìsì nílé. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé gbé mì. Rẹ́nẹ́ẹ̀tì, oògùn tí wọ́n ń rí nínú àpòlúkù ọmọ màlúù tó ṣì ń mu ọmú, ló pè ní amúwàràdí, ó sì fi àmì òkè parí rẹ̀. Kí ló wá dí? Ihò la ń dí. Omi a máa dì, ẹ̀jẹ̀ a máa dì, ọ̀rá orí ọbẹ̀ a máa dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ìgbà tí ìlànà àkọtọ́ Yorùbá ti jáde ní 1974 la ti ń bẹ ara wa pé kí a má fi àmì ohùn ṣeré. Ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ tuntun ló sì yẹ kó ṣọ́ra jù, torí ọ̀rọ̀ tuntun kò tíì ní ará tó máa gbèjà rẹ̀.

Ìhun rẹ̀ kò burú rárá. Ọ̀nà tí àwọn tó fún wa ní amúlétutù àti amúnáwá gbà náà ni. A-mú-wàrà-dì, ó gún régé. Èwo ni ti àmì òkè?

Èkejì: ó pe omi tó ń jáde lára wàrà ní "omidùn wàrà". Ògì ló ni omidùn. Òun ni a fi ń se àgbo. Bí a bá tún gbé e fún wàrà, èwo ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán ní omidùn máa bù wá?

Oníwàrà Ilé fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì òkè sí i ni. Ẹ sọ "wàrà dídì" létí ọmọ ìlú lónìí, fíríìsà ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Omi dídì, ẹja dídì, adìyẹ dídì, òtútù ló mú gbogbo wọn dì. Rẹ́nẹ́ẹ̀tì kò sì fẹ́ òtútù. Láàárín 30 sí 40°C ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ooru bá kọjá 60°C, agbára rẹ̀ ti tán. Dí tí mo mú ni ti "dí pinpin": ara wàrà á pa pọ̀, kò ní sí àlàfo nínú rẹ̀.

Kí ẹni tí kò rí ìtọ́sọ́nà náà lè mọ ohun tí à ń fà, bí ó ṣe lọ nìyí. Wàrà lítà mẹ́rin. Gbé e dé 32°C. Po ṣíbí ìjẹun mẹ́rin yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà mọ́ ọn, kó jẹ́ èyí tí kòkòrò àìfojúrí rẹ̀ ṣì wà láàyè, kí o fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 45 kó bẹ̀rẹ̀ sí kan. Mú rẹ́nẹ́ẹ̀tì olómi, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, pò ó mọ́ omi tútù bí ìdámẹ́rin ife. Má lo omi ẹ̀rọ tó ní klorínì, klorínì ń pa á. Dà á sínú wàrà, máa fi ṣíbí gbé wàrà láti ìsàlẹ̀ wá sókè fún ìṣẹ́jú kan, kí o sì fi sílẹ̀. Má mi ìkòkò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, kí o fi gbé e sókè díẹ̀. Bí ojú ibi tó là bá mọ́, tí omi tó sun síbẹ̀ sì mọ́ gaara, ó ti tó gé. Bí ó bá ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

Gé e wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan. Jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wá máa gbé ooru lọ sí 38°C, kí ó gbà ọ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Tí o bá fi iná lé e, awọ ara ẹyọ kọ̀ọ̀kan á dí kí omi inú rẹ̀ tó jáde, omi á há sínú, ṣíìsì á kan gógó, á sì máa fọ́ yángá. Lẹ́yìn èyí, sẹ́ ẹ, wọn ìyókù lórí òṣùwọ̀n, kí o fi iyọ̀ gíráàmù méjì sí gbogbo ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Lítà mẹ́rin máa fún ọ ní nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 500.

Ní ti omidùn: ṣúgà inú wàrà kì í bá ìdì, ìyẹn wàrà tó ti dì, lọ, inú omi ló pọ̀ sí. Ẹ tọ́ ọ wò. Ó dùn díẹ̀. Omi tó dùn, omidùn. Ti ògì gan-an kíkan ni.

Akọ̀wé Àkọtọ́:

Ẹ ti fi ẹnu ara yín dá ẹjọ́ náà. Ẹ ní bí iná bá le jù, awọ ìdì á "dí", omi á há sínú. Àbùkù ni dí nínú iṣẹ́ yín. Báwo lẹ ó ṣe wá fi orúkọ àbùkù pe oògùn tó ń ṣe rere?

Ọmọ Òkè-Ògùn kọ̀wé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ìparí ọ̀rọ̀, àárín rẹ̀ ló wọ́. Ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, títí dé Ìlọrin, bí ẹ bá rán ọmọ ní wàrà, funfun roboto tó ń léfòó nínú omi rẹ̀ ló máa rà dé. Ìyẹn ti dì kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ fún un. Kí ni amúwàràdì tún fẹ́ mú dì? Èyí tó ń ṣàn, mílíìkì ni gbogbo ọjà ń pè é.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé ìtọ́sọ́nà náà fò ewé bomubomu dá, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ìmọ̀ yìí ti wá. Àwọn ìyá Fúlàní á gún ewé rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ mílíìkì díẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì dà á sínú ìyókù tó wà lórí iná jẹ́jẹ́. Oje bomubomu kì í sá fún ooru bíi ti rẹ́nẹ́ẹ̀tì. Ní 60 sí 70°C, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá ti ń kó jọ, wọ́n á jẹ́ kó hó títí ìdì fi yà kúrò lára omi, wọ́n á wá bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ ro. Híhó yẹn kì í ṣe fún ìmọ́tótó nìkan. Òun ló ń dá oje náà dúró. Ojú kan péré ni rẹ́nẹ́ẹ̀tì ti ń gé amúaradàgbà inú mílíìkì, bomubomu ń gé e káàkiri. Ìdí nìyẹn tí wàrà fi ń korò bí ewé bá pọ̀ jù tàbí bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ kó tó hó. Èyí tó bá ti korò kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ẹni tí kò ní ewé, tí kò ní rẹ́nẹ́ẹ̀tì, ọsàn wẹ́wẹ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀, òun ló rọrùn jù. Mílíìkì lítà méjì, gbé e dé 85 sí 90°C, máa ro ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má jó. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o máa dà á. Nígbà tí omi rẹ̀ bá mọ́, tó ń pọ́n díẹ̀ bí àwọ̀ ewé gbígbẹ, dúró. Bí omi bá ṣì funfun, ọsàn kò tíì tó. Bí o bá ti rí i pé ó mọ́ tí o tún ń dà sí i, á kan, á sì rí ṣákaṣàka lẹ́nu. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dà á sínú aṣọ funfun, so ó rọ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 300 sí 400 ni wàá rí.

Ẹ wò ó dáadáa, èyí kò dì. Ṣíṣù ló ṣù. Ti rẹ́nẹ́ẹ̀tì máa ń dúró gbágbá bí ẹ̀kọ inú abọ́, ọ̀bẹ la fi ń gé e. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ á ṣù kóró kóró nínú omi. Iṣẹ́ méjì ni, ọ̀rọ̀ méjì ló yẹ: amúdì fún rẹ́nẹ́ẹ̀tì àti bomubomu, amúṣù fún ọsàn àti fínígà. Ẹ yọ wàrà kúrò nínú méjèèjì.

Akọ̀wé Àkọtọ́:

Ọmọ Òkè-Ògùn, mo gba ìyàtọ̀ dì àti ṣù tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló lè rí irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n amúdì kò pé. Ó mú kí ni dì? Ẹ yọ ilé kúrò nínú amúlétutù kí ẹ wo ohun tó kù. Ní ti pé wàrà ti dì, ẹ ṣí Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀: ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti fún oyin. Ohun tó ti dì kì í ṣàn. Nínú ìwé Jóòbù, níbi tí ó ti ń sọ bí Ọlọ́run ṣe dá òun, wàrà ni wọ́n dà jáde, wàràkàsì ló dì pọ̀. Àwọn àgbà yẹn ti pín in fún wa: wàrà ń ṣàn, wàràkàsì ti dì. Lójú tèmi, kàsì náà ni kàsì inú oúnjẹ ìkàsì, ohun tó sùn mọ́jú.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ̀wé láti orílẹ̀-èdè Benin:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín dé ibẹ̀. Ní Parakou, wagasi ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn náà ló bá a dé Kútọnu. Ẹ fetí sí wagasi àti wàràkàsì pọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó rìn gba ọ̀dọ̀ àwọn darandaran ni, a kàn fi etí Yorùbá gbọ́ ọ ni. Àárọ̀ ni wọ́n sì ń sè é, ó ń di títà lọ́jọ́ náà. Kò sí ìkàsì níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ni ẹ ti máa rí èyí tó pupa. Wọ́n ń fi awọ pòròpòrò ọkà bàbà kan síná nínú omi títí omi á fi pọ́n, wọ́n á wá gbé wàrà tó ti le sínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní fíríìjì máa tún wàrà sè lójoojúmọ́ nínú omi rẹ̀ tàbí nínú omi iyọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Bí ẹ bá sì dín in, kì í yọ́ bíi ṣíìsì òyìnbó, ẹ̀yìn rẹ̀ á kàn pọ́n ni.

Ará Peckham kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ̀yin àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń bi wá jù ni "kí ló dé tí kò dì?" (Dì ni, àmì ìsàlẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ni mo wà.) Mílíìkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó wà nínú páálí tó ń pẹ́ lórí àtẹ láìwọ fíríìjì, wọ́n ti gbé ooru rẹ̀ dé 135°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru yẹn ti lẹ àwọn amúaradàgbà kan mọ́ ojú ibi tí rẹ́nẹ́ẹ̀tì ti yẹ kó gé. Rẹ́nẹ́ẹ̀tì kò ríbi gé. Ọsàn wẹ́wẹ́ ṣì lè mú un ṣù, ṣùgbọ́n á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Èyí tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín, wọ́n ti fọ́ ọ̀rá rẹ̀ wẹ́wẹ́, ìdì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Calcium chloride, irú iyọ̀ kan tó ní kálísíọ̀mù, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, tí a pò mọ́ ìdámẹ́rin ife omi, fún lítà mẹ́rin, kí rẹ́nẹ́ẹ̀tì tó wọ inú rẹ̀, á ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà tí ẹ ń lo oníyẹ̀fun, gíráàmù 130 sí lítà omi kan, kó sun mọ́jú nínú fíríìjì kó lè rẹ dáadáa. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò rẹ̀ kí ẹ tó rà á, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù inú rẹ̀, tí wọ́n fi òróró rọ́pò. Yóò ṣù, kò ní ládùn.

Bí mílíìkì bá ti ọwọ́ darandaran wá tààrà, tí ẹ sì fẹ́ lo rẹ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ gbé e dé 63°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó jẹ́ kó padà sí 32. Wàrà bomubomu ń hó, ti rẹ́nẹ́ẹ̀tì kì í hó, ikọ́ fée sì lè ti ara màlúù wọ inú mílíìkì.

Mo fẹ́ kí a má fi bomubomu sínú ìtọ́sọ́nà aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀. Oje rẹ̀ ní májèlé tó ń ba ọkàn jà, bí ó bá sì ta sí ojú, ó lè ṣe ojú lọ́ṣẹ́.

Ọmọ Òkè-Ògùn:

Kí ẹni tó bá já a fọ ọwọ́ rẹ̀, kó má fi nu ojú. Ìyẹn la ó kọ síbẹ̀. A kò ní fò ó dá.

Ará Peckham:

Ewé mélòó sí lítà kan? Ẹ kọ iye rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn:

Ewé kò dọ́gba. Ti ọ̀mùnú yàtọ̀ sí ti ògbó, oje tó wà nínú wọn kì í ṣe bákan náà. Kékeré ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kó máa wo ìkòkò. Bí kò bá tíì kó jọ, kó fi díẹ̀ kún un.

Oníwàrà Ilé:

Ìtọ́sọ́nà tí kò ní iye kò lè wọ ọwọ́ aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi amúṣù kún tèmi fún ọsàn àti fínígà. Amúwàràdí ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì òkè rẹ̀, títí ẹnì kan á fi sọ ohun tí a ó ṣe sí fíríìsà.

Akọ̀wé Àkọtọ́:

Fíríìsà kò ní àṣẹ lórí dì. Ẹ̀jẹ̀ ń dì lára èèyàn láìsí òtútù.